Bí Mo Ṣe Kọ Orúkọ Àgbà fún Kọ̀ǹpútà

Inú ṣì ń bí mi. Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn ìgbà èwe tó dùn mọ́ni ni mo jókòó láti kọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti fi Ìsọlọ̀ sílẹ̀, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kó kọ̀ǹpútà yẹn dà nù, síbẹ̀ tí mo bá rántí ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo yẹn, orí mi a gbóná bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Mo bínú sí àwọn ọ̀gá wa. Mo bínú sí bàbá kan tí mo fẹ́ràn. Ẹnì kan wà tí mo bínú sí ju gbogbo wọn lọ, a máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ ò ní rí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mò ń kọ yìí. Orúkọ ènìyàn ni mo fi dá wàhálà sílẹ̀ nígbà náà, mi ò sì tún fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ayé owó epo ni. Ẹni tí kò ní rédíò lánàá ń ra fíríìjì lónìí. Nínú ilé tí mò ń gbé ní Òṣòdì, lẹ́yìn ojú irin, ọkùnrin tó wà ní yàrá iwájú ra tẹlifíṣọ̀n kó tó ra bẹ́ẹ̀dì, orí ẹní ló ti ń wò ó. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò gbẹ́yìn. Èyí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìsọlọ̀ ń ṣe abọ́ tánńganran, àwọn abọ́ olódòdó yẹn tí àwọn ìyàwó ilé ń tò sórí ara wọn nínú yàrá, tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi jẹun. Ọ̀gá pátápátá rí i pé ilé-iṣẹ́ tó kọjú sí tiwa ti ra kọ̀ǹpútà, òun náà lọ ra tiẹ̀. Wọ́n kọ́ yàrá fún un, wọ́n fi éèsì méjì sí i. Súẹ́tà la máa ń wọ̀ níbẹ̀, nígbà tí àwọn tó ń yọ abọ́ nínú iná lódìkejì ògiri ń bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.

Àwa mẹ́rin là ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá tútù yẹn. Olórí wa ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó ti lo ẹ̀rọ ìṣirò àtijọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kọ́ ti kọ̀ǹpútà, ó sì máa ń so táì kódà lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá Ọ̀gá la ń pè é. Igbákejì rẹ̀ jẹ́ ọmọ onílẹ̀ Ìsọlọ̀ gan-an, Mùsùlùmí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ó ní orí oko bàbá òun ni wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ náà sí. Ẹnu géètì ló ti ń ṣọ́ àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọlé, kó tó di pé ó kọ́ bí a ṣe ń kọ pùrógíráàmù. Bàbá Ìsọlọ̀ là ń pe òun. Ẹ̀kẹta ni Àǹtí. Ọmọ apá Ìjẹ̀bú ni, ó fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù mí lọ, ó sì ń dá tọ́ ọmọ mẹ́ta. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa lu káàdì. Nígbà yẹn, ẹ̀rọ kò mọ ohunkóhun àfi èyí tí a bá lù sára káàdì ní ihò wẹ́wẹ́, káàdì kan fún ìlà kan. Gbogbo ohun tí a bá fi pẹ́ńsù kọ sórí ìwé, ọwọ́ Àǹtí ló ń gbà kọjá kó tó dé inú ẹ̀rọ. Èmi ni ẹ̀kẹrin, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé gíga, tó rò pé kò sí ohun tí òun kò mọ̀.

Àǹtí ló kọ́ mi níṣẹ́, ká má parọ́. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń fẹ́ káàdì kó má baà lẹ̀ mọ́ra, òun ló kọ́ mi pé etí rẹ̀ ni kí n máa dì mú, nítorí òógùn ọwọ́ ń ba káàdì jẹ́. Tí mo bá kọ nǹkan játijàti, á dá ìwé mi padà. "Òdo lèyí àbí lẹ́tà? Kọ ọ́ kó yé ènìyàn." Láràárọ̀ ni mo máa ń kúnlẹ̀ kí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, orúnkún mi á kan ilẹ̀ gidi, kì í ṣe ti pé kí n kàn tẹ orúnkún díẹ̀. Ẹ rántí ìyẹn.

Ọ̀nà kan wà tí a gbà ń ṣiṣẹ́, òyìnbó tó wá to ẹ̀rọ náà ló fi lélẹ̀. Apá pùrógíráàmù kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ló ń jẹ́, kó lè jẹ́ pé tí nǹkan bá bàjẹ́, a ti mọ ẹni tí a ó bi. Òyìnbó padà sílé rẹ̀, òfin rẹ̀ kò bá a lọ. Kò dà mí láàmú títí di ọjọ́ tí wọ́n ní kí n kọ pùrógíráàmù ńlá kan tí yóò máa lo apá tí Bàbá Ọ̀gá ti kọ. Láti lo apá ẹlòmíràn, a ó kọ CALL, ìyẹn "pè", a ó wá kọ orúkọ apá náà tẹ̀ lé e. Mo kọ CALL. Ọwọ́ mi dúró. Ṣé kí n wá kọ orúkọ bàbá tó dàgbà ju ẹni tó bí mi lọ lásán bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀? Kí Àǹtí sì lù ú sára káàdì, kí ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kí gbogbo ènìyàn rí i? Mi ò lè ṣe é. Mo kọ BABA síwájú orúkọ náà, mo lẹ̀ wọ́n pọ̀. Nígbà tí Bàbá Ọ̀gá rí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Wọ́n kọ́ ẹ nílé," ló wí.

Inú mi dùn títí mo fi dé Òṣòdì lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ẹ̀rọ ń fi orúkọ ṣe, kò le. Èdè méjì la fi ń kọ iṣẹ́ wa. Àwọn bàbá méjèèjì ń fi COBOL kọ tiwọn. Èmi ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní PL/I, tí mo kọ́ nílé-ìwé, mo sì ń fi í yangàn. Bí wọ́n bá ti tú apá kọ̀ọ̀kan sí èdè ẹ̀rọ tán, ohun kan tí à ń pè ní línkà ló máa wá so gbogbo wọn pọ̀ di ẹyọ kan. Orúkọ ni línkà fi ń mọ ibi tí èyí ti so mọ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n kò lè gbé orúkọ gígùn. Nítorí náà, èdè kọ̀ọ̀kan máa ń gé orúkọ kúrú kó tó gbé e fún línkà, bí ó sì ti wu kálukú ló ń gé e. COBOL àwọn bàbá máa ń mú lẹ́tà mẹ́jọ àkọ́kọ́. Tèmi máa ń mú mẹ́rin àkọ́kọ́ àti mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, ó sì máa ń ju àárín nù. Lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú ohun tí mo kọ fún Bàbá Ọ̀gá ni BABA. Orúkọ rẹ̀ parí sí OLA, gẹ́gẹ́ bí ti ìdajì àwọn ọkùnrin Èkó. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ línkà ni BABAOLA.

Línkà ké lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé pé òun ń wá BABAOLA, òun kò rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ronú, mo mọ ohun tó fa á, mo gba àṣẹ lọ́wọ́ Bàbá Ọ̀gá, mo sì pààrọ̀ káàdì orúkọ tó wà níwájú apá tirẹ̀ sí BABAOLA. Wọ́n pàdé ara wọn, iṣẹ́ ń lọ. Mo ṣe fáàrí lórí ẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n ní kí pùrógíráàmù mi máa lo apá kan tí Bàbá Ìsọlọ̀ kọ. Ṣé kí n bọ̀wọ̀ fún àgbà kan kí n fi èkejì sílẹ̀ ni? Mo kọ BABA síwájú orúkọ tirẹ̀ náà. Orúkọ tirẹ̀ náà parí sí OLA. Mo kó káàdì rẹ̀ sínú ti àwọn yòókù, mo sì dúró kí línkà ké bíi tàkọ́kọ́, kí n lè mọ ohun tí n ó pààrọ̀. Kò ké. Ó dákẹ́. Mo ní á jẹ́ pé ó ti rí ohun tó ń wá. Lóòótọ́, ìlà kékeré kan wà lórí ìwé tó ń sọ pé orúkọ ti gùn jù, pé wọ́n ti gé e, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ìlà yẹn ń jáde, ojú wa ti mọ́ ọn. A máa ń fò ó.

Iṣẹ́ tí pùrógíráàmù náà wà fún kì í ṣe eré. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí iná jẹ́ kásúà, àwọn tí wọ́n lè sọ fún lálẹ́ òní pé kí wọ́n má wá mọ́ lọ́la. Àwọn ọ̀gá ti ṣèlérí pé ọgọ́rùn-ún kásúà tí ọjọ́ tí wọ́n wá síṣẹ́ bá pọ̀ jù lọ yóò di sítáàfù. Apá tí Bàbá Ọ̀gá kọ ń ka ọjọ́ tó wà láàárín ìgbà tí wọ́n gba ènìyàn àti òní. Apá tí Bàbá Ìsọlọ̀ kọ ń ka ọjọ́ tí onítọ̀hún wá ní tòótọ́, láti inú káàdì géètì. Èyí tí Bàbá Ìsọlọ̀ kọ ló yẹ kó pinnu ẹni tó máa di sítáàfù.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó yege mọ́ ara ògiri lẹ́nu géètì. Kò tó wákàtí kan tí ariwo sọ. Ọkùnrin kan tó ti lọ sí abúlé rẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kò padà, ti di sítáàfù. Òmíràn tí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ti bá sin òkú rẹ̀ náà di sítáàfù. Àwọn obìnrin tó ń to abọ́ sínú páálí, tí wọ́n gbà lẹ́yìn àwọn yẹn ṣùgbọ́n tí wọn kò pa ọjọ́ kan jẹ rí, tí wọ́n ń gbé ọmọ wá síṣẹ́, kò sí ẹyọ kan nínú wọn. Àwọn ènìyàn jókòó sílẹ̀ lójú géètì, wọ́n ní àwọn kò wọlé. Wọ́n jẹ́ kí iná kú. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ abọ́ tánńganran mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kí iná kú: ìléru tó bá ti tutù, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni kó tó tún gbóná, owó ńlá ló sì ń bá a lọ.

Ọ̀gá pátápátá fẹ́ mọ ẹni tó fà á. Máníjà àwọn òṣìṣẹ́, ọkùnrin kan tí orí rẹ̀ tó pá máa ń dán, pè mí. Ìbéèrè kan ló bi mí: ẹ̀rọ ni àbí káàdì? Ó ti mọ ìdáhùn tó fẹ́. Owó tí wọ́n ná sórí ẹ̀rọ yẹn pọ̀ ju kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ̀rọ ló ṣe é. Mo lọ wo pùrógíráàmù mi láti òkè délẹ̀, mi ò rí nǹkan kan. Línkà kò ké. Bí kò bá wá jẹ́ èmi, tí kò sì jẹ́ ẹ̀rọ, ó ku káàdì, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń lu káàdì. Mo jókòó, mo kọ ojú ìwé kan. Mo kọ ọ́ dáadáa, pẹ̀lú gbólóhùn ilé-ìwé gíga, pé àṣìṣe náà wá láti inú káàdì, mo sì kọ orúkọ ẹni tó lù wọ́n. Mo fọwọ́ sí i. Mi ò tíì wo káàdì kan.

Ní ọjọ́ Túsìdeè, wọ́n fún Àǹtí ní kúẹ́rì, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ìgbìmọ̀ máa jókòó ní Fúráìdeè. Gbogbo wa mọ ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ ṣe. Lẹ́tà tí wọ́n máa fún un máa sọ pé àìbìkítà ló mú kí wọ́n dá a dúró, gbogbo máníjà ní Ìsọlọ̀ ló sì mọ ara wọn. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní ẹ̀rọ ìlukáàdì kò ní gbà á mọ́, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn, ó sì ń tọ́ ọmọ mẹ́ta.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ó wá bá mi nílé. Ó ti gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin wá, erùpẹ̀ pupa wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo gbé àga fún un, kò jókòó.

"Káàdì wo ni mo lù bàjẹ́?" ló bi mí. "Ẹyọ kan péré, fi hàn mí."

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ohun tí a fún ẹ̀rọ ló ń kà, kì í ṣàṣìṣe."

"Mi ò bi ẹ́ léèrè ẹ̀rọ. Ṣé o ka káàdì yẹn kí o tó kọ ìwé?"

"Mo kà á," ni mo wí.

Irọ́ ni. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti pa á. Ó ní ó dáa, ó sì bá ọ̀nà tó gbà wá padà. Ọkùnrin yàrá iwájú bi mí bóyá mọ̀lẹ́bí mi ni, ó ní ó jọ ẹni pé ọ̀rọ̀ wúwo wà láàárín wa. Mo ní kó máa wo tẹlifíṣọ̀n ẹ̀ lọ.

Ìbínú ni mo bá dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Mo ń bínú sí i pé ó wá sílé mi, pé ó jẹ́ kí n parọ́. Mo ní n ó ka gbogbo káàdì yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, n ó sì rí àṣìṣe rẹ̀. Ẹyọ kan ti tó mi. Mo bẹ Bàbá Ìsọlọ̀ pé kó máa bá mi ka àkókò láti inú ìwé géètì kí n máa fi wo káàdì. Ó ń kà, mò ń wò. Títí ọ̀sán, mi ò rí ẹyọ kan. Gbogbo káàdì tí obìnrin yẹn lù ló dọ́gba pẹ̀lú ìwé, ihò kan kò yẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé ńṣe ni inú túbọ̀ ń bí mi? Ènìyàn lè bínú sí ẹlòmíràn nítorí pé onítọ̀hún jàre.

Bàbá Ìsọlọ̀ pa ìwé dé. Ó ní, "Ọkùnrin tó lọ sí abúlé yẹn, ọjọ́ mélòó ni ẹ̀rọ ní ó wá?" Mo sọ iye rẹ̀ fún un. Ó mi orí. "Tèmi kì í ka ọjọ́ tí ènìyàn ò wá. Odidi ọdún náà ló kà fún un, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà á. Èyí kì í ṣe tèmi. Ti Bàbá Ọ̀gá lèyí."

Mo lọ wá ìwé tí línkà máa ń tẹ̀ jáde, èyí tó ń to orúkọ gbogbo apá tó so pọ̀ àti ẹni tó ń pe ta. Mo fi ìka tẹ̀ lé e láti òkè. Apá Bàbá Ìsọlọ̀ wà níbẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́, kò sí ẹni tó pè é láti ọjọ́ tí mo ti fi í síbẹ̀. BABAOLA kan ṣoṣo ló wà, ti Bàbá Ọ̀gá sì ni. Nígbà tí mo bá pe bàbá kìíní, ẹ̀rọ á gbé BABAOLA fún línkà. Nígbà tí mo bá pe bàbá kejì, ẹ̀rọ á tún gbé BABAOLA fún un. Ìdí nìyẹn tí línkà fi dákẹ́. Ó ti mọ BABAOLA tẹ́lẹ̀. Ọ̀wọ̀ tí mo bọ̀ fún àwọn méjèèjì ló sọ wọ́n di ẹnì kan náà.

Mo gbé ìwé náà lọ fún Bàbá Ọ̀gá. Ó kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí táì nù ún. Ó ní, "Kọ ọ́ pé línkà ló ṣe é. Kí àwọn tó ta ẹ̀rọ fún wa wá dáhùn."

"Àǹtí ńkọ́, sà?"

"Yóò ríṣẹ́ mìíràn. Alukáàdì ni. Tí o bá lọ sọ pé ìwọ ni, wọ́n á lé ìwọ náà, wọ́n á sì ní mi ò mójú tó ọ. Ṣé o kàwé tó báyìí kí o lè máa fi ara ẹ ṣòfò ni?"

Bàbá tó ní wọ́n kọ́ mi nílé nìyẹn. Mo ní ẹ ṣé, sà, nítorí pé ẹnu mi kò mọ ohun mìíràn tí a ń sọ fún àgbà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbé gbogbo káàdì tó wà lórí tábìlì rẹ̀ kí n dà wọ́n sí i lára. Ọ̀dájú ènìyàn. Obìnrin yẹn ti lu káàdì fún un láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí yàrá náà. Ó ti lu gbogbo ohun tí bàbá náà kọ rí, pẹ̀lú ìkọ̀wé rẹ̀ tó dà bí ilẹ̀ tí adìyẹ ta, ó sì ń bá a tún un ṣe láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo yọ BABA kúrò. Mo sọ apá kìíní ní KA1, mo sọ èkejì ní KA2. Orúkọ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, tí kò gùn tó ohun tí èdè kankan lè gé. Àwọn káàdì tuntun yẹn, èmi fúnra mi ni mo jókòó sídìí ẹ̀rọ Àǹtí tí mo lù wọ́n. Nínú káàdì mẹ́fà, mo ba mẹ́rin jẹ́. Èmi tí mo kọ ojú ìwé kan nípa bí ó ṣe ń lu káàdì.

Láàárọ̀ Fúráìdeè, kí ìgbìmọ̀ tó jókòó, mo ti ní ìwé orúkọ tuntun àwọn tó yege lọ́wọ́. Àwọn obìnrin páálí kún inú rẹ̀. Òkú kò sí níbẹ̀. Mo wọlé láìjẹ́ pé wọ́n pè mí. Àwọn mẹ́ta ló jókòó, máníjà àwọn òṣìṣẹ́ wà láàárín, Bàbá Ọ̀gá wà lápá kan. Mo ṣàlàyé fún wọn. Máníjà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Nítorí pé o ò lè kọ orúkọ àgbà ni iná fi kú?" Ó yíjú sí àwọn yòókù kí wọ́n bá òun rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣùgbọ́n a ti tẹ lẹ́tà rẹ̀ o. Ọ̀gá ti fọwọ́ sí i."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ti rọ̀. Mo wo Bàbá Ọ̀gá, ó ń wo tábìlì. Bàbá Ìsọlọ̀ tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ló sọ̀rọ̀, òun tí kì í sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n jáde lọ ka orúkọ tuntun yẹn fún àwọn tó jókòó sí géètì, kí wọ́n sì ṣàlàyé fún wọn pé ẹni tí kò ṣẹ̀ ni àwọn ń lé. Ó ní àwọn àbúrò òun pọ̀ nínú wọn. Kò gbé ohùn sókè. Máníjà mú lẹ́tà náà, ó ya á sí méjì. Kò sí ẹni tó ní ká bẹ Àǹtí. Máníjà fa ojú ìwé tí mo kọ yọ nínú fáìlì, ó nà án sí mi. "Mú ohun rẹ dání. Lọ sọ fún un kó máa bọ̀ ní Mọ́ńdè."

Wọn kò lé mi. Wọn kò fún èmi ní kúẹ́rì rárá. Ìyẹn náà ń bí mi nínú.

Ilé Àǹtí kò jìnnà sí tiwa. Ó ń ká aṣọ àwọn ọmọ lórí okùn nígbà tí mo dé. Mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti BABA, ti línkà, ti irọ́ tí mo pa fún un lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Ó ń ká aṣọ lọ. Nígbà tí mo parí, ó nawọ́.

"Ìwé yẹn, ṣé òun ló wà lọ́wọ́ ẹ? Mú un wá."

Mo gbé e fún un. Kò kánjú kà á. Ó gbé aṣọ sí èjìká, ó ń kà á ní ìlà ìlà, bó ṣe máa ń ka iṣẹ́ wa kó tó lù ú. Ó dé ibì kan, ó dúró, ó sì fi ìka sí i.

"Kí lo ní o kọ fún àwọn bàbá méjèèjì nínú ẹ̀rọ?"

"BABA, mà."

"Ẹ̀rọ tí kò mọ àgbà, tí kò mọ ọmọdé." Ó yí ìwé náà sí mi. "Èmi ńkọ́? Kí lo kọ síbí?"

Mo wò ó. Orúkọ rẹ̀ ni. Orúkọ ìdílé, orúkọ tirẹ̀ tẹ̀ lé e, lásán. Kò sí Àǹtí. Kò sí Ìyáàfin pàápàá. Ọwọ́ tó dúró níwájú orúkọ bàbá méjì kò dúró níwájú tirẹ̀ rárá. Mi ò tilẹ̀ rántí ìgbà tí mo kọ ọ́. Ẹni tí mo bínú sí jù lọ nìyẹn, èmi fúnra mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Mo ní Àǹtí, ẹ forí jì mí. Ó ní kí n dìde, iyanrìn ń kan aṣọ mi.

"Mo máa wá ní Mọ́ńdè, nítorí àwọn ọmọ mi," ló wí. "Ṣùgbọ́n má pè mí ní Àǹtí mọ́. Bí o ṣe kọ ọ́ yìí ni kí o máa pè mí. Bí o bá pè mí ní ohun mìíràn, mi ò ní dáhùn."

Mo rò pé ìbínú ni, pé yóò lọ. Ní Mọ́ńdè, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, mo ní ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Ó ń lu káàdì lọ. Mo tún un sọ. Ó ń lu káàdì lọ. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi tó yẹ kó lù, wọ́n ń dúró dè é. Nígbà tó pẹ́, mo pe orúkọ rẹ̀, lásán, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́. Ó yíjú sí mi, ó gba ìwé lọ́wọ́ mi.

Ọdún méjì tí mo tún lò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè é. Níwájú àwọn tó ń gbálẹ̀, níwájú àwọn obìnrin páálí tó ti di sítáàfù, tí wọ́n ń pòṣé tí wọ́n bá gbọ́, tí wọ́n ń bi ara wọn léèrè irú ilé tí mo ti wá. Mi ò lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ojoojúmọ́ ni mo ń kúnlẹ̀ tí mo ń pe ẹni tó fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù mí lọ bí ẹni tó ń pe àbúrò rẹ̀, òun náà á sì dáhùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìbínú.

"Mò ń gbọ́," ló máa ń wí. "Kí lo tún kọ?"